Aṣọ Tó Wà Lẹ́yìn Rhoda

Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ fẹ́ràn fọ́tò, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ Rhoda fún yín. Rhoda kò pa ènìyàn. Kò gba ọkọ ọlọ́kọ. Fọ́tò lásán ló fẹ́ yà. Bí ẹ bá kà á dé ìparí tí ẹ sì ní ẹ̀yin kò lè ṣe irú rẹ̀ láé, ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi kò ní bá yín jiyàn.

Ní Kábbà ni, lọ́dún tí ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ Nàìjíríà wò. Lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ fọ́tò wọ àwọn ènìyàn lórí. Ilé tí kò ní àga méjì tó bára mu, ẹ óò rí fọ́tò lára gbogbo ògiri rẹ̀.

Rhoda ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nígbà náà lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Lucy, nítòsí ọjà. Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Yèyé. Yèyé ló rán an lọ sí ilé ìwé. Òun náà ló mú un lọ sọ́dọ̀ Lucy nígbà tí ó kọ̀ láti kọ́ aṣọ híhun. Òfì Yèyé ṣì wà ní ìdúró lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ó bá pe Rhoda síbẹ̀, Rhoda á ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Kọ́láwọlé ni orúkọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Jos ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Ó wálé ọdún Kérésì, ó wọ bàtà tó ń dán, ó sì yọ fọ́tò kan jáde nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

"Wo èyí," ó ní. "Elizabeth ni, ọmọ Ìsánlú. Àfẹ́sọ́nà ọ̀rẹ́ mi."

Rhoda wò ó. Elizabeth dúró níwájú aṣọ tí wọ́n ya òdòdó àti àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí, ó gbé ọwọ́ lé àga bí ìyàwó adájọ́.

"Ó rẹwà," Rhoda wí, inú rẹ̀ kò sì dùn.

"Gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ló ní irú rẹ̀ lókè ibùsùn wọn. Tèmi nìkan ni ògiri rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní bóyá mi ò tiẹ̀ ní ẹnì kankan nílé."

"Ṣé fọ́tò ni wọ́n á fi mọ̀ pé o ní ẹnì kan?"

"Rhoda, gidi ni mo ń bá ọ sọ. Màmá mi ń bọ̀ wá kí yín lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, kó tó wá sọ́dọ̀ mi ní Jos. Kí ó bá mi mú tìrẹ bọ̀. Ṣùgbọ́n má lọ dúró síwájú ògiri ẹlẹ́rẹ̀ o. Wọ́n á fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

Ó padà sí Jos, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sínú ọmọ ọlọ́mọ.

Sùlèímánì nìkan ni onífọ́tò tó wà ní Kábbà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Rhoda lọ. Ó ṣàlàyé pé òun ń kọ́ṣẹ́, òun kò tíì ní owó, bóyá òun lè bá ìyàwó rẹ̀ rán aṣọ dípò. Sùlèímánì rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ògiri rẹ̀, níbi tí aṣọ fọ́tò rẹ̀ rọ̀ sí ní jákujàku.

"Ikán ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́jà fún tuntun, wàláhì, wọn ò tíì gbé e dé. Gbọ́, àwọn ìyá àgbà ìlú yìí ní aṣọ ńláńlá nínú àpótí tí wọn kì í wọ̀. Ṣé kò sí ọ̀kan nílé yín?"

Rhoda tún wo ògiri náà.

"Mú un wá kí n ta á sẹ́yìn. Mo máa yà ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, fọ́tò ńlá, odindi ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Bí tèmi bá ti dé láti Lọ́kọ́jà, wá gba tìrẹ."

"Ẹ máa dá a padà fún mi?"

"Hába! Kí ni mo fẹ́ fi aṣọ ìyá àgbà ṣe?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín. Rhoda mọ aṣọ tó wà nínú àpótí Yèyé. Kì í ṣe aṣọ ìpò pupa tí àwọn ará Bùnú ń hun fún òkú àwọn ẹni ńlá. Kíjìpá fífẹ̀ kan ni, ó ní ilà tín-ín-rín tín-ín-rín, ọ̀já dúdú kan tó gbòòrò sì wà ní etí rẹ̀ kan, tí etí kejì kò ní irú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Yèyé máa ń sá a sí oòrùn. Ó máa ń sọ pé, "Aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ nìyí." Rhoda mọ̀ pé aṣọ ìsìnkú ni. Kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ará Yèyé le. Ó ṣì ń lọ sí oko, ó ṣì ń gún iyán fúnra rẹ̀. Rhoda rò ó pé ta ni ó ń kú? Aṣọ náà á ti padà sínú àpótí kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Ọjọ́ tí Yèyé lọ sí ọjà Odò-Ẹrẹ̀ ni ó ṣí àpótí náà. Bí ó ti gbé aṣọ náà sókè, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀, tí a fi awọ ewúrẹ́ wé. Kò tú u. Ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wá ká àwọn àpò iyọ̀ àtijọ́ síbẹ̀ dípò aṣọ, kí àpótí náà má baà fúyẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá gbé e.

Sùlèímánì fi ìṣó kan aṣọ náà mọ́ ògiri, ó sì yìn ín. Ó ní fọ́tò dúdú àti funfun fẹ́ràn ilà. Rhoda wọ gáàùn àti bàtà tí Lucy yá a. Ó gbé ọwọ́ lé àga, gẹ́gẹ́ bí Elizabeth ti ṣe. Sùlèímánì ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó wà lẹ́yìn àpótí fọ́tò rẹ̀.

"Rẹ́rìn-ín díẹ̀. Má mí o! Má mí!"

Kò mí.

Nígbà tí fọ́tò náà jáde, Rhoda fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ara rẹ̀. Ó ga, ó gún, ó dà bí ẹni tó ní baba. Ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń yọ ọ́ wò láràárọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí láti béèrè aṣọ. Nígbà tí ó rántí, Sùlèímánì ní tòun kò tíì dé láti Lọ́kọ́jà. Ó tún lọ, ó tún gbọ́ bákan náà. Ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, Sùlèímánì kò wo ojú rẹ̀ nígbà tí ó ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n Rhoda kò ka ìyẹn sí.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Ìyá Kọ́láwọlé dé gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ti wí, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Okun o, ará ilé yìí."

"Okun, okun. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Yèyé tẹ́ ẹní tuntun. Wọ́n jẹun, wọ́n mu omi, wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn. Nígbà náà ni Ìyá Kọ́láwọlé ní, "Ìyàwó mi, ọkọ rẹ ní kí n gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ."

Rhoda sáré wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fọ́tò náà jáde bí ẹni gbé àwo ẹyin.

"Há! Rhoda rèé? Ẹ wò ó bí òyìnbó!"

"Wo ọrùn rẹ̀! Kọ́láwọlé kò ní sùn."

Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Yèyé na ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà rí ọmọ mi."

Ojú rẹ̀ kò dá ṣáká mọ́, nítorí náà ó dìde, ó gbé fọ́tò náà lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn àlejò ń dúró de ohun tí yóò sọ. Rhoda rí i pé àtàǹpàkò Yèyé kò sí lórí ojú òun nínú fọ́tò. Etí fọ́tò ló wà, níbi ọ̀já dúdú gbígbòòrò yẹn.

"Rhoda."

"Yèyé."

"Aṣọ wo ló wà lẹ́yìn rẹ?"

Ó lè jẹ́wọ́ níbẹ̀. Àyè ṣì wà. "Aṣọ onífọ́tò ni, Yèyé," ó ní.

"Aṣọ onífọ́tò." Yèyé mi orí díẹ̀. "Lọ bá mi gbé àpótí mi wá."

"Yèyé, àwọn àlejò—"

"Mo rí wọn. Gbé àpótí mi wá."

Ó gbé e wá. Yèyé kúnlẹ̀, ó ṣí i. Ó fa àpò iyọ̀ kan jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa bí ẹni tẹ́ aṣọ. Ó fa òmíràn. Ó tẹ́ ẹ sórí ti àkọ́kọ́. Ìyá Kọ́láwọlé kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí àpò tán, ó yọ nǹkan tí a fi awọ wé náà, ó tú u. Fọ́tò ni. Ó kéré, ó ti pọ́n, kòkòrò ti jẹ igun rẹ̀. Rhoda kò rí i rí láyé. Yèyé tò ó sílẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Rhoda.

Nínú fọ́tò àtijọ́ náà, ọmọbìnrin kan dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìhà. Aṣọ fífẹ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, onílà, pẹ̀lú ọ̀já dúdú ní etí kan. Kò sí ògiri. Obìnrin méjì ló gbé aṣọ náà dúró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Orí wọn nìkan ló yọ lókè rẹ̀, àti ìka wọn.

Gbogbo wọn wo ìkíní, wọ́n wo ìkejì.

"Aṣọ ìsìnkú yín nìyẹn?" Ìyá Kọ́láwọlé béèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Òun ni," Yèyé dáhùn.

Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi dìde. Wọ́n dúpẹ́ oúnjẹ. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan. Nígbà tí Rhoda sìn wọ́n dé ojúde tó sì padà wọlé, fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lórí ẹní níbi tí wọ́n fi í sílẹ̀ sí.

Kò sunkún. Ó fẹ́ kí ó dun òun, ṣùgbọ́n kò dùn ún. Inú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ká ẹní.

Ó lọ bá Sùlèímánì. Aṣọ tuntun láti Lọ́kọ́jà ti wà lára ògiri, ó ní òdòdó, ó ní àtẹ̀gùn. Àwọn ìṣó ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lókè rẹ̀.

"Ọkùnrin kan ló gba ibí kọjá," Sùlèímánì wí, ó ń nu àpótí fọ́tò rẹ̀ tí kò dọ̀tí. "Ó ń wá aṣọ àtijọ́ kiri. Mo ní kì í ṣe tèmi. Ó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé rẹ̀."

"Níbo ló gbé e lọ?"

"Ó wọ ọkọ̀ Lọ́kọ́jà. Láti ibẹ̀, mi ò mọ̀. Àwọn tó ń ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ. Má bínú, ọmọ dáadáa. Jẹ́ kí n tún yà ọ́, níwájú tuntun yìí."

Rhoda jáde. Ó rìn gba inú ọjà kọjá, àwọn ènìyàn ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn.

Ó ròyìn fún Yèyé. Yèyé ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò dúró.

"Mo lè ra òmíràn fún yín," Rhoda wí. "Mo lè ní kí wọ́n hun ún. Àwọn ará Bùnú—"

"Ta ni yóò hun ún? Ìyá mi ti kú."

Ohun tí ó ń sọ kò yé Rhoda. Yèyé wá fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó gbé fọ́tò àtijọ́ náà jáde, ó sì ní kí ó wá jókòó.

"Nílé wa, ìyá ló ń hun aṣọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ máa wọ̀ wọ sàárè. Kí ọmọ tó lọ sílé ọkọ ni ó ń hun ún. Ẹni tó wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, òun náà ló máa wọ̀ ọ́ láṣọ lọ́jọ́ tí o bá ń lọ." Ó fi ìka kan ọmọbìnrin tó wà láàárín. "Ìbídùn nìyí. Èmi ni."

Láti ọjọ́ tí Rhoda ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò gbọ́ orúkọ náà rí. Yèyé ni Yèyé.

"Èyí ni ìyá mi, Láwọ̀yín. Èyí ni ìyá rẹ̀, Ẹnìtàn. Àwọn tí o ti ara wọn wá nìyẹn. Ọjọ́ tí aṣọ kúrò lórí òfì ni òyìnbó ṣọ́ọ̀ṣì kan ń kọjá pẹ̀lú àpótí fọ́tò. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ náà hàn òun. Ìyá mi kò fẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Ni òun àti ìyá rẹ̀ bá gbé e sókè. Òyìnbó yẹn pẹ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀, apá ń ro wọ́n. Wo ìka wọn."

Rhoda wo ìka wọn. Wọ́n di etí aṣọ náà mú ṣinṣin. Ẹnìtàn ti darúgbó, ó dijú kan. Imú Láwọ̀yín ni imú Rhoda, gẹ́lẹ́.

"Ọ̀já dúdú yẹn ńkọ́?"

"Òwú ilà ló tán. Ìgbéyàwó mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi bá fi òwú dúdú tó wà nílẹ̀ parí rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí etí yẹn." Yèyé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọdún tó tẹ̀lé e ló kú. Mi ò lè wo fọ́tò yìí mọ́, ni mo ṣe fi í pamọ́."

"Ìyá mi ní tirẹ̀?"

"Mo hun ún. Ó wà lára rẹ̀ nínú ilẹ̀."

"Tèmi?"

Yèyé gbé fọ́tò náà sílẹ̀. "Ìyá rẹ kú kó tó hun tìrẹ. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ń pè ọ́ sí ìdí òfì. Mo ní kí a jọ hun ún."

Kò tún sọ ọ̀rọ̀ aṣọ mọ́ títí ó fi kú. Kò bú Rhoda, kò sì pè é sí ìdí òfì mọ́. Ó ń bu oúnjẹ fún un bí àtẹ̀yìnwá, ẹran tirẹ̀ kò dín. Bí ó bá jẹ́ pé ó nà án ni, bóyá ara Rhoda ìbá sọ jí. Láti Jos, Kọ́láwọlé náà dákẹ́, Rhoda kò sì wá ìdí.

Nígbà tí òjò wọlé dáadáa, ibà mú Yèyé. Kò pẹ́ lórí ibùsùn. Àbúrò ìyá Rhoda, Martha, dé láti Ẹ̀júkù ní òwúrọ̀ tí ó kú. Àwọn obìnrin ilé wẹ òkú náà, wọ́n fi òróró pa á lára. Martha wá nu ọwọ́, ó wo Rhoda.

"Aṣọ Yèyé dà? Gbé e wá."

Rhoda sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò dárúkọ Sùlèímánì ju bó ṣe yẹ lọ. Ohùn rẹ̀ lọ tààrà bí ẹni ń ka ìwé. Obìnrin kan pòṣé. Òmíràn gbé ọwọ́ lérí, ó jáde.

Martha kò gbá a létí. Ó jókòó sílẹ̀. "Ìyá mi fẹ́ sùn sínú aṣọ ọjà," ó ní. "Aṣọ tí ọwọ́ ẹnì kankan nílé wa kò kàn."

Wọ́n ra aṣọ funfun. Wọ́n ti fẹ́ wé e tán nígbà tí Rhoda gbé fọ́tò rẹ̀ jáde.

"Kí ni èyí?"

"Aṣọ náà ni. Ó kù níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kó mú un dání."

Martha wo fọ́tò náà. Ojú rẹ̀ le. "Ìwọ náà wà nínú rẹ̀. Ṣé o fẹ́ kú ni? A kì í gbé ojú alààyè wọ sàárè."

Rhoda lọ sínú yàrá, ó mú àlùmọ́gàjí tí ó fi ń kọ́ṣẹ́. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ó rọra gé yí orí rẹ̀ ká, ó gé yí èjìká, ó gé àga àti ọwọ́ tó gbé lé e, títí dé bàtà Lucy. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, kò ṣì í gé. Nígbà tí ó parí, ó yọ ara rẹ̀ kúrò. Aṣọ ló kù, pẹ̀lú ilà rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀já dúdú rẹ̀, àti ihò kan láàárín tó rí bí Rhoda.

Martha gbà á. Ó gbé e lé àyà Yèyé, ó sì fi aṣọ funfun bò ó.

Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń kà á, ẹ lọ bi ìyá yín lónìí pé kí ni orúkọ ìyá wọn gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí fọ́tò yóò sọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ti lọ, Rhoda ṣí àpótí náà, ó gbé fọ́tò àtijọ́ jáde, ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó pe orúkọ wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó wá mú ara rẹ̀ tí ó gé kúrò. Ó fẹ́ mọ bí yóò ti rí bí Láwọ̀yín àti Ẹnìtàn bá gbé aṣọ dúró sẹ́yìn òun náà. Ó gbé e lé orí fọ́tò àtijọ́ náà, níwájú aṣọ.

Ó tóbi jù. Ó bo Ìbídùn, ó bo aṣọ, ó bo ìyá méjèèjì àti ìka wọn. Òun nìkan ló kù, ó gbé ọwọ́ lé àga, ó ń rẹ́rìn-ín.

Rhoda mú un kúrò lórí wọn.